Ṣé Ẹni Tó Ti Bàjẹ́ Lè Dáa Nínú Fíìmù? Àyẹ̀wò Fíìmù Mẹ́fà

Nínú Unforgiven (1992), William Munny kò fẹnu kan ọtí títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọ́n fi ọtí lọ̀ ọ́ nínú òjò, ó kọ̀. Ibà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó ṣì kọ̀. Ìgbà tí obìnrin kan ń ròyìn fún un bí wọ́n ṣe lu Ned, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pa ni ẹ óò rí i tó nawọ́ gba ìgò. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e sẹ́nu, ó tún gbé e sẹ́nu, obìnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kámẹ́rà kò sáré sún mọ́ ìgò náà, orin kò sì pariwo láti tọ́ka sí i. Ẹni tí kò bá fojú sílẹ̀ dáadáa kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìwà rere ọ̀pọ̀ ọdún ti dànù.

Fíìmù mẹ́fà la kó jọ síbí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ẹni tí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ń lé kiri. A máa sọ bí wọ́n ṣe parí, torí ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá parí sí la ti ń mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin, kó kọ́kọ́ lọ wò wọ́n ná, kó tó padà wá.

Ìwọ̀n tí a lò kò le. Ẹnu ẹ̀dá-ìtàn kò ṣeé gbára lé. Ọ̀daràn tó ní òun ti ronú pìwà dà, òǹkọ̀wé ló ti ọ̀rọ̀ náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò ná an ní nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi sọ́kàn ohun tó máa ń nawọ́ sí nígbà tí inú bá bí i tàbí tí ẹ̀rù bá bà á: ìbọn ni, àbí ìgò, àbí ọwọ́ ilẹ̀kùn? Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ìgbà tí irú ọ̀ràn kan náà á tún dé, tí ọgbọ́n àtijọ́ á sì wúlò fún un ju ti tuntun lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí olùdarí bá fo ibẹ̀ kọjá, tó fi omijé àti orin dí ojú rẹ̀, ó ti rẹ́ wa jẹ.

Àbùjá tó wọ́pọ̀ jù ni ikú. Nínú Return of the Jedi (1983), tí kò sí lára mẹ́fà wa, Darth Vader, ìkà inú eré náà, gbé ọ̀gá rẹ̀ sọ sínú ọ̀gbun láti gba ọmọ rẹ̀ là, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Ó wúni lórí, a ò ní bá ẹni tó bá sunkún níbẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i ní ọjọ́ kejì, níbi tí ì bá ti wo ojú àwọn tí òun pa ènìyàn wọn. Ẹni tó bá kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rere ẹyọ kan, a ò lè sọ pé ó yí padà. Ohun tí a lè sọ ni pé ó ṣe rere lẹ́ẹ̀kan.

Unforgiven kò gba àbùjá yìí, ìdí rèé tó fi gba ipò kìíní lọ́dọ̀ wa. Clint Eastwood ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe Munny. David Webb Peoples ló kọ ọ́. Oscar mẹ́rin ló gbà, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ. Apààyàn ni Munny nígbà èwe rẹ̀. Claudia ìyàwó rẹ̀ ló fà á jáde kúrò nínú ọtí àti ìpànìyàn, kí ìgbóná tó pa obìnrin náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló ń lé kiri nínú ẹrẹ̀ ní Kansas, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Schofield Kid wá sọ fún un pé 1,000 dọ́là wà fún ẹni tó bá pa ọkùnrin méjì, nítorí obìnrin kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ dárà sí lójú ní ìlú Big Whiskey.

Ẹ wá wo ọwọ́. Munny gbé agolo kan kalẹ̀, ó yin ìbọn ìléwọ́ sí i léraléra, kò bà á. Ó wọlé, ó gbé ìbọn gígùn jáde, agolo fò lọ. Ó fẹ́ gun ẹṣin, ẹṣin dà á sílẹ̀. Àwọn òǹwòran máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ìran yẹn ń ṣe: ó ń fi hàn wá pé ara rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ àtijọ́. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ó ń tún un sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun kì í ṣe ẹni àná mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ tó ni iyèméjì wa ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ ti dá kì í sọ fún gbogbo aráyé pé òun ò ṣàìsàn mọ́.

Lẹ́yìn ìgò yẹn ni gbogbo rẹ̀ yí bírí. Ó wọ ilé ọtí lọ, ẹni àkọ́kọ́ tó pa kò ní ìbọn lọ́wọ́. Ìbọn gígùn rẹ̀ kọ̀, kò dún; ó jù ú nù, ó fa ìléwọ́ yọ. Ọwọ́ tí kò lè ba agolo lọ́sàn-án gangan wá ń ba ènìyàn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kò sì gbọ̀n rárá. Ìran agolo ni wọ́n fi ra ìran yìí. Bí wọ́n bá gé ti àkọ́kọ́ kúrò, ti ìkẹyìn á di ìjà sinimá lásán.

Kí ló dé tá a fi ń yin eré tí ọkùnrin inú rẹ̀ padà sínú èébì rẹ̀? Nítorí Kid. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ yẹn ti ń fọ́nnu pé òun ti pa èèyàn márùn-ún. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ẹnu rẹ̀ ló mú. Níkẹyìn ó yìnbọn pa ọkùnrin kan tó jókòó sínú ilé ìyàgbẹ́, ó wá jẹ́wọ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tí òun máa pa nìyẹn. Ó ń mutí, ó ń sunkún, ó gbé ìbọn rẹ̀ fún Munny, ó ní òun ò ní pààyàn mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó kúrò nídìí ìpànìyàn tọkàntọkàn nínú eré yẹn ni ẹni tí kò tíì pẹ́ nínú rẹ̀. Ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni Munny gbà. Ìgò kan náà, orí òkè kan náà: ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé. A ò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ dáa ju báyìí lọ.

A History of Violence (2005), tí David Cronenberg darí, kò gùn, ìṣẹ́jú 96 péré, ìbéèrè rẹ̀ sì yàtọ̀. Munny kò fi ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Tom Stall, tí Viggo Mortensen ṣe, fi tirẹ̀ pa mọ́ pátápátá. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní ìlú kékeré kan ní Indiana, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì, jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Àwọn ọlọ́ṣà méjì wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìkòkò kọfí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fọ́ mọ́ ọ̀kan lójú, ó fo káńtà, ó gba ìbọn, ọ̀ràn parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ di akọni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a: ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kan ti bàjẹ́ wá láti Philadelphia, ó jókòó sídìí káńtà, ó ń pè é ní Joey.

Ẹ wo ìkòkò kọfí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ ó rò pé baba ilé tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà kejì, ẹ ó rí i pé kò ṣiyèméjì, kò wo ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọdún gbogbo tó fi ń po kọfí kò pa ẹ̀kọ́ yẹn rẹ́. Ohun tí Cronenberg ń sọ nìyí, ohun tí fíìmù tó pọ̀ máa ń sá fún: ọkàn lè yí padà kí iṣan má yí. Tom kò purọ́ nígbà tó ní òun ti pa Joey sínú aṣálẹ̀, tí òun lo ọdún mẹ́ta láti di Tom. Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ibi tí eré yìí ti dùn wá jù ni ti Jack, ọmọkùnrin rẹ̀. Lẹ́yìn tí baba di akọni, ọmọ tó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ yẹ ìjà sílẹ̀ níléèwé lu ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni máa kú. Kò pẹ́, òun náà ló yìnbọn sí ọkùnrin olójú kan yẹn lẹ́yìn lórí pápá iwájú ilé wọn. Ohun tí baba sin, ọmọ ló hú u. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ iléèwé tó ń yọ Jack lẹ́nu dà bí ẹni tí wọ́n gé láti inú bébà, wọn kò ní ẹran lára. Ìrìn àjò Tom lọ sọ́dọ̀ Richie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé William Hurt tó ṣe Richie fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo eré lọ láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́wàá.

Ìran ìkẹyìn ló gba ẹ̀bi yẹn kúrò. Tom wọlé, àwọn ará ilé ń jẹun alẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kékeré dìde, ó mú àwo wá, ó tò ó síwájú rẹ̀. Jack ti àwo ẹran sọ́dọ̀ rẹ̀. Edie ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè, ojú pàdé ojú, eré parí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan sí i, ì bá bàjẹ́. Wọn ò sọ pé wọ́n dárí jì í, wọn ò sì lé e. Oúnjẹ ni wọ́n fún un.

A mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa American History X (1998). Iṣẹ́ Edward Norton gẹ́gẹ́ bí Derek Vinyard, ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń tẹ̀ lé ìlànà Nazi, lágbára, kò sí àníàní. Dúdú àti funfun ni wọ́n fi ya ohun tó ti kọjá, aláwọ̀ ni wọ́n fi ya ìsinsìnyí, ó sì ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tá a wà. Ìṣòro rẹ̀ wà ní àárín. Ọdún mẹ́ta ni Derek lò lẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló ti kúrò nínú ìkórìíra ẹ̀yà, ṣùgbọ́n kíákíá ni eré gbà kọjá níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ẹni tí wọ́n ní àwọn kórìíra ṣòwò, wọ́n fi ipá bá a lò pọ̀, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ wá kí i, ọkàn rẹ̀ sì yí. Ìdí tó fi yẹ kó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí tó fi yẹ kó dẹ́kun ìkórìíra ṣì kù. Àwọn ìran ilé ìfọṣọ nìkan ló dáhùn ìyẹn: òun àti Lamont, ọmọ aláwọ̀ dúdú, wọ́n ń ká aṣọ lójoojúmọ́, Lamont ń sọ̀rọ̀ ṣáá, Derek kò dá a lóhùn. Ọjọ́ kan, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìlọ́po méjì àkókò sí ìdí aṣọ yẹn, fíìmù yìí ì bá wà lókè tente.

Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí àwọn márùn-ún tó kù kò ní. Àmì àwọn Nazi tí Derek fín sí àyà rẹ̀ kò lè kúrò. Nígbà tó dúró níwájú dígí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Àtẹ́lẹwọ́ náà bò ó tán. Àmọ́ kò lè fi ọwọ́ kan bo àyà jẹ́ títí ayé, ọjọ́ yẹn náà ni gbèsè tí òun fi sílẹ̀ níta bá Danny àbúrò rẹ̀ níléèwé, tí wọ́n yìnbọn pa á.

Tsotsi (2005), tí Gavin Hood darí láti inú ìwé Athol Fugard, gba Oscar fún fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ kan ní Johannesburg já ọkọ̀ gbà, ó yìnbọn lu ìyá tó ni ín, ó wá bá ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Inú àpò bébà ló gbé ọmọ náà sí. Ó fi ìwé ìròyìn ṣe ìlédìí fún un, ó fún un ní mílíìkì inú agolo, èèrà bo ọmọ lójú. Àwọn kúlẹ̀kúlẹ̀ yìí ló gbà wá lọ́kàn, torí wọ́n fi hàn pé ìfẹ́ nìkan kò tó, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé nígbà tó padà lọ jalè nílé àwọn òbí ọmọ náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ pa baba ọmọ: Tsotsi yìnbọn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bà. Ó gba baba là pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà tó fi sọ ìyá di arọ. Presley Chweneyagae ń fi ojú ṣiṣẹ́ tí ẹnu kò lè ṣe. Ọmọ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ọkàn ọ̀daràn jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ti gbà rí, ìyẹn ló fà á sẹ́yìn.

Ikiru (1952), tí Akira Kurosawa darí, ni èyí tó gùn jù, ìṣẹ́jú 143. Kò sí ìpànìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Watanabe ni pé ó ti lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú láìṣe iṣẹ́ kan tó nítumọ̀. Jẹjẹrẹ inú ikùn ló jí i. Ọtí àti fàájì kọ́kọ́ tàn án, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tó yá, ó rántí ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin kan tó fẹ́ kí wọ́n sọ kòtò omi ìdọ̀tí àdúgbò wọn di ibi ìṣeré ọmọdé. Ó fa ìwé náà yọ láàárín òkìtì bébà, ó jáde lọ wo ibẹ̀ nínú òjò.

Ohun tí Kurosawa wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ya àwọn tó ń kọ eré lẹ́nu títí di òní. Ó gé e níbẹ̀. Watanabe ti kú. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta eré tó kù, ibi ìṣọ́kú la wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mutí, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́ ibi ìṣeré náà gan-an. Ìrántí wọn la ti ń rí i: bó ṣe ń tẹ orí ba fún àwọn ọ̀gá, bó ṣe ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi gbà. Ọ̀nà yìí gba Kurosawa lọ́wọ́ àbùjá ikú tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Watanabe kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún tó fi ń yọ wọ́n lẹ́nu ló ń jẹ́rìí fún un, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló sì ń jẹ́rìí náà.

Manchester by the Sea (2016) dúró ní òdìkejì. Lee Chandler, tí Casey Affleck ṣe, gbàgbé láti fi ìdènà sí ẹnu iná ìdáná nílé, ó jáde lọ ra bíà lóru, ilé jó, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kú. Kenneth Lonergan tó kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀ kò sọ èyí fún wa títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Nígbà yẹn, a ti rí i tó ń tún páìpù ṣe fún àwọn ayálégbé, tó ń bá àlejò jà nílé ọtí, a sì ti ń bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó fi Patrick ọmọ ọdún 16 lé e lọ́wọ́. Gbogbo eré mìíràn ì bá jẹ́ kí ọmọ yìí wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Eléyìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lee sọ fún ọmọ náà tààrà pé òun kò lè borí rẹ̀.

Ǹjẹ́ kò yí padà ni? Níparí, ó ń wá ilé ní Boston, ó ní kó ní yàrá kan sí i. Patrick bi í pé fún kí ni. Ó ní bóyá kó lè máa wá kí òun. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, yàrá ẹyọ kan lábẹ́ ilé ló ń gbé. Ìyípadà tó wà nínú gbogbo ìṣẹ́jú 137 yẹn jẹ́ yàrá kan. A gbà á gbọ́ ju gbogbo omijé inú American History X lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n tẹ̀ léra, ẹ fi Tsotsi bẹ̀rẹ̀, ó kúrú, ó sì yára. Ẹ wo Unforgiven àti A History of Violence ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, torí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ má wo Manchester by the Sea ní alẹ́ tí ọkàn yín bá ti wúwo tẹ́lẹ̀. Èdè Japan ni wọ́n sọ nínú Ikiru, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀, ohùn rírán Takashi Shimura, tó ṣe Watanabe, kò ṣeé fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò. Kí ẹ má sì pa á nígbà tí àwọn tó mutí bá ń búra pé àwọn náà á máa ṣiṣẹ́ bíi Watanabe. Ìran ọ́fíìsì ọjọ́ kejì ṣì kù: ọ̀gá tuntun ní kí wọ́n darí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ sí ẹ̀ka mìíràn, Kimura, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú, gbogbo wọn ń wò ó. Ó rọra jókòó padà, òkìtì ìwé sì bo orí rẹ̀.